Abọ́ Ìkómọ Láti Ara Igi Jíjẹrà

Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Baba yẹn kọ́ ló bí mi. Ìyàwó mi ní bí òun bá gbé ẹ̀wà kaná, èmi ni màá ṣí ìkòkò títí gáàsì á fi tán, kò sì purọ́.

Nígbà tí wọ́n gé igi mépù iwájú ilé wa ní àdúgbò Parsloes nílùú òyìnbó níbí, mo bẹ̀bẹ̀ gba ìtì mẹ́ta. Abẹ́ igi yẹn ni ọmọbìnrin wa ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Ó ti wá lóyún báyìí. Oyún kan ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí. Ó ní abọ́ tí mo bá fi igi yẹn ṣe ni kí wọ́n fi gbé oyin àti iyọ̀ lọ́jọ́ ìkómọ.

Igi mépù funfun báláú, kò lọ́nà lára. Àmọ́ tí ọ̀rinrin bá mú un, olú á wọ̀ ọ́. Níbi tí olú kan bá ti pàdé èkejì, wọ́n á fa ìlà dúdú sáàárín ara wọn, bí ọmọ ìyá tó ń pín ilẹ̀ bàbá wọn. Ìlà yẹn ni mo fẹ́. Tí ẹ bá yára là á, ìlà ò tíì sí. Tí ẹ bá pẹ́, igi á rọ̀ bíi búrẹ́dì inú tíì. Ta ló wá fẹ́ fọkàn balẹ̀?

Mo da ọ̀rá dúdú bo àwọn ìtì náà lẹ́yìn ilé. Láràárọ̀, kí n tó lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Chadwell Heath, mo ti ṣí wọn wò.

“Daddy, ẹ gbé nǹkan jíjẹrà yìí kúrò nílé,” ni ìyàwó mi wí. “Ọmọ mi wà nínú oyún o!”

“Jíjẹrà yẹn gan-an ni mo ń wá!”

Ìjọ aláṣọ funfun ni ìyàwó mi ń lọ. Aláṣọ funfun kì í bá ọkọ jà, òkè ló ń gbé ẹjọ́ lọ.

Ọmọbìnrin wa ń pè ṣáá lórí fóònù: “Daddy, how far? Ṣé bowl yẹn ti ready? Baby ò ní wait o!”

Oòrùn mú gan-an lọ́dún yẹn. Ìtì méjì gbẹ bí igi ìdáná. Ẹ̀rù bà mí, bí ẹni pé ọmọ inú oyún yẹn gan-an ló wà lábẹ́ ọ̀rá. Ẹ̀kẹta nìkan ló tutù, olú sì ti yọ lára èèpo rẹ̀. Kò yé mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbàgbé fóònù, mo padà wálé. Mo bá ìyàwó mi láìwọ bàtà, ó ń da omi àdúrà sórí ìtì náà: “Ìjẹrà, kúrò lọ́nà ọmọ mi!” Omi tí olú ń mu láti ọjọ́ yìí rèé! Mo lanu kí n jágbe, mo wá rí omijé lójú rẹ̀. Mo yọ́ jáde.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo fi ìbòmú bo imú nítorí eruku olú, mo sì gbé igi náà sórí ẹ̀rọ tí mo fi ń yí abọ́. Ìlà dúdú yí i ká.

Lẹ́yìn ìkómọ ni mo tó sọ fún ìyàwó mi pé omi rẹ̀ ló fa ìlà yẹn. “Àdúrà rẹ ò gbà,” ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó gbé ọmọ-ọmọ wa lé mi lẹ́sẹ̀. “Ta ló ń gbàdúrà fún igi?”

Mo jókòó síbẹ̀, mi ò mira, kí ọmọ má baà jí.