Òkú Ọba Tí Ó Dáhùn

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Sawaba, nínú ìlú Kumasi, èèwọ̀ tèmi nìkan pọ̀ ju ti gbogbo ọmọ ilé wa lọ. N kò gbọdọ̀ rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan. N kò gbọdọ̀ nà gbọọrọ kí n fi aṣọ bo ojú. Bí ìyá mi bá sì pè mí, kí n tètè dáhùn, ìbáà jẹ́ pé wáákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà yẹn, kún ẹnu mi. Málọmọ́ ni orúkọ mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka èyí kò sì ní bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Mẹ́ta ni ìyá mi ti sin kí n tó dé.

Ẹ má rò pé ìyà ni mo jẹ o. Kóòsé ni ìyá mi ń dín tà lẹ́bàá títì, àkàrà tí ẹ mọ̀ náà ni, bí àwọn ará Kumasi ṣe ń pè é nìyẹn. Èmi ni mò ń bó ẹ̀wà, ojú mi á sì máa ṣomi nítorí àlùbọ́sà. Kì í nà mí. Bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, yóò ní kí n kúnlẹ̀ kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè nídìí agbada títí ọjà á fi tán. Ẹni tí kò bá tíì kúnlẹ̀ wo kóòsé gbígbóná láìfọwọ́ kàn án kò tíì mọ ohun tí ń jẹ́ ìyà. Àmọ́ bí a bá ń ta ámpè, eré tí àwa ọmọbìnrin máa ń fò tí a máa ń pàtẹ́wọ́ sí, kò sí ẹni tí ó lè bá mi fà á, nítorí ẹsẹ̀ mi gùn.

Ẹsẹ̀ gígùn yìí ni ó kó bá mi. Ní ọdún kejì tí mo wà ní JSS, Tíṣà Dònkọ̀ tí ó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì mú ìwé eré àtijọ́ kan wá, eré ọba òyìnbó tí ó parí sínú ẹ̀jẹ̀. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni a ó ṣe, torí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Kí òǹkọ̀wé náà tó sọ ìtàn kankan rárá, ó ti kó jìnnìjìnnì bá wa. Òru ni, òtútù ń mú, kùrukùru bo odi ààfin, aago dún, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ó yẹ kí wọ́n dẹ́rù ba olè ni ẹ̀rù ń bà. Wọn kò rí ara wọn dáadáa, wọ́n sì ń bi ara wọn pé ta nìyẹn. Ìgbà náà ni òkú ọba yóò kọjá. Wọn yóò bá a sọ̀rọ̀, kò ní fèsì.

Tíṣà ní, “Àìfèsì yẹn gan-an ni ẹ̀rù náà. Bí òkú bá ti lanu, ó ti di ènìyàn nìyẹn.”

Ó wo kíláàsì yíká, ó ní èmi ni òkú ọba, torí pé mo ga, mo sì máa ń rìn jẹ́jẹ́. Inú mi dùn dé orí. Alátà ni wọ́n ń pe àwa tí baba wa ti ilẹ̀ Yorùbá wá, wọn kò sì yan ọmọ Alátà sí nǹkan kan rí ní ilé ìwé wa.

Mo sáré délé wí fún ìyá mi. Ó ń po ẹ̀wà lọ́wọ́.

“Òkú wo?”

“Òkú ọba ni, mà.”

“Kí ni òkú náà máa wọ̀?”

“Aṣọ funfun.”

Ó gbé igbá ẹ̀wà náà sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kò dáná kóòsé rárá, ó di gèlè, ó tẹ̀ lé mi lọ sí ilé ìwé. Twi, èdè àwọn ará Kumasi, ni ó bá Tíṣà sọ. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí kò gbọdọ̀ ṣe òkú. Kò pẹ́ tí ó gbà láti dúró tì mí.”

Tíṣà fi ọwọ́ kan ilà kéékèèké tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. “Maame, ẹ wo ojú mi. Ẹrú ni ìtumọ̀ Dònkọ̀. Ìyá mi kọ mí nílà, ó sọ mí lẹ́rú, kí ikú lè rò pé n kò wúlò. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi kò dúró.”

Ìyá mi wo ilà náà. Ó ti rò pé àwa nìkan ni ojú wa rí irú rẹ̀. Ó ní, “Ká ní ìyá yín ni, ṣé yóò gbà?”

Tíṣà ní, “Rárá o. Kò ní gbà.”

Òótọ́ tí ó sọ yìí ni ìyá mi tìtorí rẹ̀ gbà. Ó ní ẹni tí kò tan òun jẹ ni òun lè fi ọmọ tì. Àmọ́ kí wọ́n má wọ aṣọ funfun fún mi, òun yóò sì jókòó níwájú.

Lọ́jọ́ eré, wọ́n fi ẹní dí fèrèsé gbọ̀ngàn ní ọ̀sán, ibẹ̀ ṣú biribiri. Ẹnìkan ń mi páànù, ó di àrá. Wọ́n da ewé tútù sórí ẹ̀yìnná, èéfín rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ń wúkọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Mo fi kọ́tìnnì búlúù bora, mo fi eérú para, mo yọ sí wọn jẹ́jẹ́.

Ẹ̀ṣọ́ ní, “Ta nìyẹn? Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, fọhùn.” N kò fọhùn. Ó tún bẹ̀ mí. N kò fọhùn. Inú mi ń dùn lábẹ́ kọ́tìnnì, torí mo mọ̀ pé mo ti dẹ́rù ba gbogbo wọn.

Ìgbà náà ni ìyá mi dìde ní ìlà iwájú. “Málọmọ́.”

Kò pariwo. Bí ẹni ń jí ọmọ lójú oorun ni ó ṣe pè mí. Mo dákẹ́, mo ń wo Tíṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun náà kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ìyá mi tún pè mí, ó na ọwọ́ sí mi. Bí n kò bá dáhùn, eré mi á dára. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ní, “Mà.”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀ṣọ́ ju ọ̀kọ̀ sílẹ̀, ó ń fi ẹ̀rín yí nílẹ̀. Mo sunkún lábẹ́ kọ́tìnnì, inú bí mi sí ìyá mi débi pé n kò fẹ́ rí i. Tíṣà kò bá mi wí. Ó ṣí ẹní fèrèsé kan kúrò, ó bu omi fún ìyá mi, ó sì dúró tì í títí ó fi mu ún. Nílé, ìyá mi dín kóòsé fún mi nìkan, mo kọ̀ ọ́, kò sì ní kí n kúnlẹ̀.

Ayé ti yí padà. Inú fóònù ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń wo òkú tí ó ń rìn, wọ́n á sì máa jẹ bísíkíìtì lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, ọmọ ń dúró, àwọn ìyá kì í sọ ọmọ ní Málọmọ́ mọ́. Ìyá mi ti re ibi àgbà ń rè. Mo máa ń fi ìtàn yìí pa àwọn ọmọ mi lẹ́rìn-ín, títí àbíkẹ́yìn fi bi mí láìpẹ́ yìí pé, “Mọ́mì, kí ni Màmá Àgbà rí tí wọ́n fi dìde?”

Mẹ́rin ni mo bí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà níwájú mi níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹun. Mo sọ fún un pé n kò mọ̀, torí n kò sin ọmọ rí.