Ṣọkọ Tí Ìyá Mi Ń Fà Tu

Nígbà tí dókítà sọ fún ìyá mi pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tó ní kó máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa, èmi ni mo ní mi ò ní máa rà á lọ́jà. Mo mọ irú omi gọ́tà tí àwọn kan fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Mo tu ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlọrin, mo da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, mo po irúgbìn ṣọkọ mọ́ yanrìn kó má baà ṣù jọ sójú kan, mo fọ́n ọn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mò ń fa omi kànga wọ́n ọn.

Iṣẹ́ ẹ̀fọ́ kò ṣàjèjì sí ìyá mi. Òkè-Oyi ló ti tọ́ wa dàgbà. Ẹ̀fọ́ tó ń gbìn, tó sì ń tà lẹ́bàá títì, ló fi rán wa níléèwé. Nígbà tó kó wá sọ́dọ̀ mi, kò lè jókòó lásán. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣọkọ náà hù dáadáa. Nígbà tó ga tó ìka ọwọ́, mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, mo bá ilẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ìyá mi jókòó sórí àpótí, ó ń nu ọwọ́.

"Mo ti bá ọ tu èpò ibẹ̀," ó ní. "O jẹ́ kó pọ̀ jù."

Mo wo ilẹ̀. Èpò gan-an ló kù síbẹ̀.

"Màmá, ṣọkọ lẹ fà tu."

"Èmi? Èmi tí mo fi ṣọkọ tọ́ ẹ?"

Mi ò bá a jiyàn. Mo tún fọ́n òmíràn, mo ta okùn yí i ká, mo bẹ̀ ẹ́ kó má débẹ̀ mọ́. Ó ní òun ti gbọ́. Bó ṣe tún ga tó ìka ọwọ́, ìyá mi ti gba abẹ́ okùn wọlé, ó tún ti fà á tu. Mo wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn, mo sunkún ìbínú. Ẹni tí mò ń tìtorí rẹ̀ fa omi títí ẹ̀yìn fi ń ro mí ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́, mi ò sì lè jágbe mọ́ ọn. Ta ló ń jágbe mọ́ ìyá rẹ̀?

Nígbà tí ara mi rọlẹ̀, mo lọ ṣa àwọn ọ̀jẹ̀lẹ́ ṣọkọ náà lórí ààtàn. Mo gé gbòǹgbò wọn, mo fi omi iyọ̀ fọ̀ wọ́n. Mo fi epo pupa dín ata, mo fi irú àti ẹja gbígbẹ sí i, mo da ẹ̀fọ́ lé e lórí, mo sì tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo fi ẹ̀kọ tì í, mo gbé e fún un.

Ó ní bísímílà, ó jẹ ẹ́, ó ń mi orí. "Ẹ̀fọ́ yìí mà rọ̀ o. Ṣé Ọjà Tuntun lo ti rà á?"

Mo lè parọ́, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. "Mi ò rà á, mà. Orí ààtàn ni mo ti ṣà á. Òun lẹ fà tu láàárọ̀."

Ó dáwọ́ oúnjẹ dúró. Ó gbé abọ́ súnmọ́ ojú, ó fi ìka tú ewé náà, ó gbé e sí imú.

"Ó ń ṣe bí èéfín lójú mi," ó ní. "Ó ti ṣe díẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n wá sọ pé mi ò mọ ṣọkọ mọ́?"

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, wọ́n ní àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Ó tún kọ iṣẹ́ abẹ títí ó fi sú mi kó tó gbà. Wọ́n ti bá a ká awọ funfun tó bo ojú ọ̀tún kúrò, ó sì ń ríran. Ṣọkọ tí mo fọ́n lẹ́yìn ìyẹn ti dàgbà, à ń já a, à ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ojú tó là yìí ti rí bí mo ṣe ń fọ́n irúgbìn ní àfọ́npọ̀, ó ti rí èérí ìdí ìkòkò mi. Lánàá, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó ní kí n fa gbogbo ṣọkọ náà tu, kí n tún un gbìn, ó há jù. Mo ní ó ti rẹ̀ mí. Ó ní ó yẹ kó rẹ̀ mí, pẹ̀lú irú ọkọ́ tí mò ń lò.