Ibi Tí Mo Sọ Ọ́ Dé

Ní ìjọ Lútérà wa ní Gadumo, bí ìsìn bá parí, a kì í tètè lọ sílé. Pásítọ̀ á ka ìbéèrè kan látinú Kátíkísímù, a ó sì máa jiyàn lé e lórí. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ní kí ẹlòmíì panu mọ́. Èmi ni mo máa ń pariwo jù níbẹ̀, àfi Sọ́ńdè tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìrìbọmi pàjáwìrì kalẹ̀.

Ibi tí mo jókòó sí burú. Ògiri wà lọ́tùn-ún mi, ìyàwó mi wà lósì, èèyàn márùn-ún tún tẹ̀ lé e lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Mi ò lè jáde àfi tí gbogbo wọn bá dìde fún mi.

Pásítọ̀ ní bí ọmọ tuntun bá fẹ́ kú, tí kò sí àlùfáà nítòsí, onígbàgbọ́ èyíkéyìí lè da omi sí i lórí, kó sì pe orúkọ Mẹ́talọ́kan. Bàbá kan, ọmọ Yàgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí iyàn kì í sú, nawọ́ sókè, ó kọ́kọ́ kí wa bí wọ́n ṣe ń kíra nílé wọn.

"Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Tí ẹni náà ò bá wá parí ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ṣé ìrìbọmi nìyẹn àbí omi lásán?"

Omi lásán! Inú bí mi gan-an.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ní ọsibítù, èmi ni mo fi eyín ja ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, tí mo da omi sórí ọmọbìnrin wa tí kò tíì lo ọjọ́ kan láyé. Mo ní, "Mo baptisi rẹ ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ," ni nọ́ọ̀sì bá já a gbà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sáré lọ. Wọn ò gbé e padà wá láàyè. Ìyàwó mi dijú lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, pé mo parí ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé irọ́ yẹn kiri. Bí mo bá bi ìjọ, ìyàwó mi á gbọ́. Bí mi ò bá bi wọ́n, ta ni màá bi?

Ẹnì kan ní Ọlọ́run kì í ṣe akọ̀wé tó ń ka ọ̀rọ̀. Ẹlòmíì ní kí ló wá dé tí a fi ń pe orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá kan wá kanra mọ́ wọn.

"Ọmọ ta lẹ tiẹ̀ ń sọ gan-an?"

"Ọmọ mi ni," ni mo wí.

Ni gbogbo wọn bá yíjú sí mi. Mo sọ ibi tí mo sọ ọ́ dé, ojú mi ò kúrò lára ògiri.

"Mo mọ̀," ni ìyàwó mi wí. "Mo gbọ́ ibi tẹ́ ẹ dúró sí. Èmi ni mo parí ẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ ní ẹ ti parí ẹ̀. Mo ń dúró kẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún mi."

Ọdún méjì! Ojú tì mí, omi sì ń dà lójú mi. Bàbá Yàgbà tún rọra nawọ́ sókè.

"Pásítọ̀, ẹ má bínú o. Tí ẹnì kan bá da omi, tí ẹlòmíì wá parí ọ̀rọ̀ ńkọ́?"

Mo fọwọ́ kan ìyàwó mi pé kó dìde, ká máa lọ sílé. Kò dìde.

"Ẹ jókòó," ló wí. "Mo fẹ́ gbọ́ ìdáhùn ẹ̀."