Orúnkún Mi Lábẹ́ Tábìlì Àjọlò

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Lugbe ló bẹ̀ mí láàárọ̀ ọjọ́ kan pé kí n fi takisí mi gbé òun lọ sí Jahi. Ohun kan wà lórí itan rẹ̀ tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ó ní òun lòun ṣe é. Kò ní bátìrì, kò ní wáyà, síbẹ̀ abẹ́ afárá ni yóò wà tí yóò máa ránṣẹ́ wá, kí a lè tètè mọ̀ bí afárá bá ti ń là.

“Kí ló wá ń jẹ?”

“Ìgbọ̀nrìrì, Ánkù. Bí mọ́tò bá ń kọjá, afárá á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Òun ló ń jẹ.”

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tí kò gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá, tẹlòmíràn ló ń wò. Mo rọra sún mọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò.

Nínú yàrá ìdánwò tí a dé, tábìlì onírin gígùn kan ni gbogbo àwọn tó ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ ń lò. Ẹ̀rọ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń mì ín jẹ́jẹ́ bí afárá. Ẹni méjì-méjì ni wọ́n ń pín àkókò fún. Ọkùnrin kan ní Zaria ni wọ́n pín mọ́ ọmọ wa. Ó ti fi ohun tirẹ̀ ránṣẹ́, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ń wò ó. Wákàtí méjì ni wọ́n ní. Bí ohun ọmọ náà kò bá ránṣẹ́ tó ìgbà mẹ́wàá láàárín wákàtí kan, wọn kò ní jẹ́ kó gbé e dé abẹ́ afárá kankan, ó sì di oṣù méjì kó tó tún kàn án.

Alábòójútó yàrá náà, Hausa tí wọ́n bí ní Sábó Ìbàdàn, fún mi ní àga. “Bàbá, sànnu. Ẹ jókòó, kì í bu ni jẹ.”

Mo jókòó, ojú mi wà lọ́nà ìta. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló ń ṣẹ́jú sí mi. Ni orúnkún mi bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ìgbà tí tíṣà ti ń nà wá: ó ń gbọ̀n, ó ń gbá ẹsẹ̀ tábìlì. Mo ní kó dákẹ́, kò gbọ́ràn.

Kọ̀ǹpútà ọmọ náà dún: tín, ohun náà ti ránṣẹ́. Ó tún dún. Ẹnu rẹ̀ kò padé mọ́.

“Ánkù, ó ti di mẹ́sàn-án, a ò tíì lo ogún ìṣẹ́jú.”

Alábòójútó wo fóònù rẹ̀. Ó ní ará Zaria ní tòun náà ń sọ̀rọ̀ bí ayékòótọ́, ó ń béèrè ohun tí a ṣe sí i.

Ìtọ̀ gbé mi dìde. Nígbà tí mo padà dé ẹnu ọ̀nà, kọ̀ǹpútà ti dákẹ́, ọmọ náà ń tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún. Mo jókòó, orúnkún bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Tín. Mo dìde bí ẹni tó ń na ẹ̀yìn. Ó dákẹ́. Mo jókòó. Tín.

Ọkàn kan ní kí n jókòó pa, ta ló máa mọ̀? Ọkàn kejì ní, tó bá dé abẹ́ afárá ńkọ́, orúnkún ta ni yóò máa bọ́ ọ? Orí afárá sì ni èmi ń gbà lójoojúmọ́. Ẹ má rò pé òtítọ́ ló mú mi lanu, ẹ̀rù ni.

“Èmi ni mò ń bọ́ ọ,” mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè.

“Ẹ ń bọ́ kí ni?”

Mo nawọ́ sí orúnkún mi. Alábòójútó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú sábẹ́ tábìlì.

“Kai. Bàbá, ẹ̀yin nìkan tó jẹnẹrétọ̀.”

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo aago, ó pa gbogbo ohun tó ti kọ rẹ́, ó ní kí n jáde.

Níta, n kò lè jókòó. Mo yí mọ́tò mi ká, mo ń fẹsẹ̀ ta táyà tí kò ṣẹ̀ mí. Ó lé ní wákàtí kan kó tó jáde, òun àti alábòójútó.

“Mélòó?”

“Méje.”

“Wọn ò lè ṣàánú kí wọ́n pè é ní mẹ́wàá?”

“Ánkù, méje ni mo kọ.”

Ojú rẹ̀ pọ́n. Alábòójútó ṣí ìwé rẹ̀ láti fún un ní ọjọ́ mìíràn, lẹ́yìn oṣù méjì. Ó béèrè ẹni tí yóò bá a wá. Ọmọ náà wò mí títí.

“Ánkù mi náà ni.”

Mo ní kí alábòójútó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yìn géètì ni n ó dúró sí.