Òkú Olówó Ìjọkù

Ní fọ́ọ̀mù fáìfù, a ka ìwé ará Amẹ́ríkà kan nípa tálákà tó di olówó òjijì, tí wọ́n yìnbọn pa nínú ọgbà rẹ̀. Olùkọ́ wa ní àlá Amẹ́ríkà nìyẹn, pé tálákà lè di olówó, ó ní kí á kọ ìdí tí àwọn ènìyàn kò fi wá síbi ìsìnkú rẹ̀.

Inú bí mi. Lóṣù tó ṣáájú, wọ́n lu aládùúgbò wa pa lójú mi ní Ìjọkù. Alábàárù obì ni tẹ́lẹ̀, ó wá ra mọ́tò Pijó, ni wọ́n bá ní oògùn owó ló ṣe. Nígbà tí ọmọ kan sọnù, wọ́n já ilẹ̀kùn yàrá tó máa ń tì pa. Apẹ̀rẹ̀ obì gbànja ló kún ibẹ̀, tó ń tọ́jú de ìgbà ọ̀wọ́n. Síbẹ̀ wọ́n la igi mọ́ ọn lórí títí orí fi fọ́. Nírọ̀lẹ́, ọmọ náà dé láti ilé ìyá àgbà rẹ̀ ní Ìbídó.

Mo kọ ìdáhùn mi: “Bóyá ojú ló tì wọ́n, sà. Níbí, gbogbo àdúgbò ló wá síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ aládùúgbò wa. Àwọn tó lù ú pa ló jókòó síwájú, wọ́n ń jẹ àkàrà ìyàwó rẹ̀, wọ́n ń ṣe àmín.”