Mo Sá fún Àdúrà

Bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn wọ ẹ̀kọ́ físíò lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ní Accra nígbà náà, kò lójú àánú rárá. Wọ́n á kọ́kọ́ wo máàkì rẹ, wọ́n á ka lẹ́tà àwọn olùkọ́ rẹ, wọ́n á béèrè bóyá o ti jókòó sí ọsibítù rí, tí o ń wo bí wọ́n ṣe ń na apá àti ẹsẹ̀ aláìsàn. Bí o bá yege nínú ìyẹn, wọ́n á wá pè ọ́, kí wọ́n fojú rí ọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti já mi sílẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Màmá mi, tó ń ta aṣọ ní Madina, ti sọ pé bí wọn ò bá gbà mí lẹ́ẹ̀kejì, kí n wá bá òun ní ìsọ̀. Mo fẹ́ràn màmá mi gan-an, ṣùgbọ́n aṣọ títà kò sí lára mi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún pè mí, mo wọ síkẹ́ẹ̀tì kan tó fún pinpin, tí mo rà ní ọjà òkìrìkà Kantamanto. Àwọn olùkọ́ mẹ́ta wà lẹ́yìn tábìlì, ìyá àgbà kan jókòó níwájú wọn, ó gbé apá ọ̀tún rẹ̀ lé itan. Wọ́n ní èjìká ìyá náà ti gan tẹ́lẹ̀, pé ó ti sàn, ẹ̀rù ló kù. Kí n mú kó gbé apá náà kọjá èjìká fúnra rẹ̀, kí n má sì fọwọ́ kàn án.

Kí n tó lanu, ìyá kùn: "Òmíràn tún dé. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń pàṣẹ fún mi, kò sẹ́ni tó kí mi."

Yorùbá ni! Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìdánwò. Twi ló yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu jù, ṣùgbọ́n màmá mi kì í fi ìkíni ṣeré. Mo kúnlẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì mi sì ya pẹ́rẹ́.

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ kú ìnira."

"Ei! Ọmọ wa ni!" Apá ọ̀tún yẹn kúrò lórí itan, ó wá bà lé mi lórí. "Wàá rọ́wọ́ mú."

"Àmín." Mo dìde díẹ̀. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án, wọn ò ní kó má fọwọ́ kàn mí.

"O ò ní ṣòfò."

"Àmín." Mo tún dìde díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé orí mi.

"Ọmọ yìí, ṣé o ń sá fún àdúrà mi ni?" Ó wòkè, ó rí apá ara rẹ̀ lókè níbẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin kan nínú àwọn olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. "Bí kì í bá ṣe Alata bíi tìẹ ńkọ́?"

Àwa Yorùbá ni wọ́n ń pè ní Alata níbẹ̀. Mo ní, "Màá kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé wọn."

Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Bí mo ṣe ń jáde ni ìyá sọ fún mi pé Lapaz lòun ti ń ta ọṣẹ.

Ọjọ́ tí orúkọ mi jáde, mo wọ ọkọ̀ trotro lọ síbẹ̀. Mo bá a tó ń fi apá ọ̀tún gbé ọṣẹ sórí pẹpẹ òkè.

"Ìyá, wọ́n gbà mí!"

"Ṣé wọ́n tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má gbà ọ́? Ṣebí àwa méjèèjì la jọ ṣe ìdánwò náà." Ó nawọ́ sí mi. "Ó yá, kúnlẹ̀. Má sì gbéra títí màá fi ṣe é tán lọ́tẹ̀ yìí."