Ìkòkò Kékeré Tí Kò Níyọ̀

Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, òórùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti èyí tó níyọ̀. Inú ilé ìdáná wa ní Ilare ni ìyá mi ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ní ọ̀sẹ̀ tí mo já Ọmọ́wùmí, ọmọ mi tó jẹ́ àfín, lẹ́nu ọmú. Epo pupa ń ta lórí iná, irú ti wọ ọbẹ̀ lára, ìyá mi sì na ọmọrogùn sí ìkòkò kékeré kan tó dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ti ọmọ yìí nìyẹn. Ẹni òòṣà kì í jẹ iyọ̀." Mi ò jiyàn. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ibo ni n ó ti rí ẹnu sọ̀rọ̀? Láti ọjọ́ náà, ìkòkò méjì ni mò ń gbé kaná. Ẹ̀yin tí a jọ tọ́mọ nígbà yẹn mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. A ò rò pé a ń ṣe ẹnikẹ́ni níbi.

Káyọ̀dé, ọmọ tí olóògbé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi sílẹ̀, ọwọ́ mi lòun náà ti dàgbà. Orí ẹní kan náà ni òun àti Ọmọ́wùmí ti ń jẹun, ṣùgbọ́n àwo wọn yàtọ̀. Káyọ̀dé á ti ìka bọ ọbẹ̀ Ọmọ́wùmí, á lá a, á fajú ro: "Ẹ wo omi lásán!" Ọmọ́wùmí á ní, "Òun ló jẹ́ kí n pọ́n. Ìwọ, iyọ̀ ti sọ ẹ́ di èédú." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ oúnjẹ ni Ọmọ́wùmí wá yàn. Ó ní láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lòun ti ń jẹ iyọ̀ lẹ́yìn mi, kò sì sóhun tó ṣe òun. Ó sọ yàrá iwájú ilé wa di ṣọ́ọ̀bù, ó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà. Oòrùn kì í dé ibẹ̀ rárá, ohun tí àwọn dókítà sì ń pariwo fún wa láti kékeré ẹ̀ nìyẹn, kó sá fún oòrùn. Mo mọ àwọn oníbàárà ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: Táfà kápẹ́ńtà, tó máa ń ní kó bu ẹ̀wà òun kó ga bí òkìtì, Súlè ọlọ́kadà, Ìyá Bísí olùkọ́, àti Dámilọ́lá, akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá lẹ́yìnkùlé wa.

Káyọ̀dé ní tiẹ̀ di oníròyìn. Ohùn ẹ̀ dùn. Láràárọ̀ ló ń ka ìwé ìròyìn lórí rédíò, tó ń fi àwàdà tiẹ̀ sí i. Gbogbo àdúgbò ló ń tẹ́tí sí i, ṣùgbọ́n rédíò tèmi ló máa ń pariwo jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ìròyìn nípa àwọn tí oúnjẹ tí wọ́n rà jẹ da inú wọn rú ló ń kà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ máa wo ọwọ́ tó ń bù fún yín o. Èmi ò lè ra oúnjẹ lọ́wọ́ àfín láéláé. Ẹni tí kò mọ adùn iyọ̀, kí ló fẹ́ sè? Awọ ara yẹn ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mọ̀!"

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àfín mélòó ló ń ta oúnjẹ ní Ilare?

Ọmọ́wùmí wà nídìí ìkòkò ẹ̀wà. Ó rò ó, ó dé e, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. Táfà ò yà lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Bísí yà, ó ní òun ti jẹun nílé. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, Dámilọ́lá nìkan ló kù, òun náà ń fi ìborùn bo àwo wọlé bí ẹni jí i.

Àwọn kan kọ̀wé ẹ̀sùn. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò ránṣẹ́ pè mí. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé àga fún mi. "Màmá, ohun tó bá wà lọ́kàn ẹ̀, kó máa rò ó nílé ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gba ẹnu wa sọ ọ́. Mo fẹ́ dá a dúró níṣẹ́, àfi bí ọmọ yín bá kọ̀wé pé òun ti dárí jì í."

Nígbà tí mo fi délé, Káyọ̀dé ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú pálọ̀ mi. Ìyàwó ẹ̀ lóyún. "Màámi, ẹ gbà mí. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa jọ ń sọ nínú ilé yìí, ṣé òun ni wọ́n á torí ẹ̀ lé mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi níbi tó dùn mí. Mo wá báírò, mo kọ ìwé náà lórúkọ Ọmọ́wùmí pé a ti parí ẹ̀ nílé. Mi ò bi í. Tí ọmọ méjì bá jà lọ́dọ̀ wa, àgbà ló ń parí ẹ̀ ní pálọ̀, a kì í gbé e síta. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ìta ni Káyọ̀dé ti sọ tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó bọ́ sórí rédíò láti ní kí Táfà padà wá jẹ ẹ̀wà.

Lọ́jọ́ Ajé, ohùn Káyọ̀dé tún jáde lórí rédíò. Ọmọ́wùmí yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ ẹ ni. Ìyàwó ẹ̀ lóyún. Iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tèmi ńkọ́, Màámi?"

Ó kó ìkòkò jọ, ó lọ ń ta iṣu lọ́jà ní Ìpetumodù. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹni tó ń ta iṣu bóyá ó mọ adùn iyọ̀. Ṣùgbọ́n gbangba ni, àǹbùrẹ́là kan ṣoṣo ló dáàbò bò ó. Lọ́dún kẹta, egbò kan yọ lẹ́bàá etí ẹ̀, kò jinná. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ọsibítù, àwọn dókítà ní jẹjẹrẹ awọ ni, ó ti wọnú lọ.

Ó ní kí n se ẹ̀wà wá. Ìkòkò kan ṣoṣo ni mo gbé kaná, mo sì bu iyọ̀ sí i. Ó tọ́ ọ wò, ojú ẹ̀ ṣe bíi ti ìgbà èwe. "Iyọ̀ ẹ̀ pọ̀ díẹ̀, Màámi. Ọwọ́ yín ò tíì mọ ọ́n." Kò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀.

Níbi ìsìnkú, Káyọ̀dé sunkún ju gbogbo èèyàn lọ, kì í sì í ṣe ẹkún ẹ̀tàn. Ó ṣì ń ka ìwé ìròyìn láràárọ̀. Èmi ni mò ń pa rédíò. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń jiyàn níwájú ilé pé ṣé ó yẹ kí wọ́n lé oníròyìn torí èrò ọkàn ẹ̀. Ká ní mo jẹ́ kí wọ́n dá Káyọ̀dé dúró lọ́jọ́ yẹn, ohùn ẹ̀ á bá a lọ, á rí ibòmíràn lò ó. Awọ kan ṣoṣo ni Ọmọ́wùmí ní.

Ìkòkò kékeré náà wà lórí pẹpẹ títí dòní, mi ò lè jù ú nù. Nígbà mìíràn inú á bí mi sí Káyọ̀dé. N ó wá gbójú sókè, n ó rí ìkòkò náà. Káyọ̀dé ló bu ọbẹ̀ yẹn fún gbogbo ìlú. Èmi ni mo sè é.